Ẹ Má Fi Wàdùwàdù Gun Òkè Inca

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rí àwòrán náà lórí kàlẹ́ńdà tàbí lórí fóònù: àwókù ìlú olókùúta kan tó jókòó sí èjìká òkè, tí kùrukùru ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí òkè mìíràn tó rí ṣóńṣó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́. Machu Picchu ni wọ́n ń pe ibẹ̀, orílẹ̀-èdè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló sì wà. Lọ́dún 2007, nígbà tí àwọn èèyàn káàkiri ayé dìbò yan ohun ìyanu méje tuntun, Machu Picchu wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń fi ọdún mélòó kan tọ́jú owó kí wọ́n tó lè fojú ara wọn rí i.

Ohun kan wà tí àwòrán náà kì í fi hàn, ìyẹn ni bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 2,400 láti ìpele òkun. Machu Picchu ga tó o, torí mítà 2,430 ni tiẹ̀. Ṣùgbọ́n Cusco, ìlú tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń já àwọn àlejò sílẹ̀, ga ju méjèèjì lọ dáadáa. Nǹkan bíi mítà 3,400 ni. Ẹni tó bá wọ bàálù ní Lima, olú ìlú Peru tó wà létí òkun, kò ní lò ju nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ tó fi máa dé Cusco. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti débẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ á ṣì wà lẹ́yìn.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Ọ́síjìn tí èèyàn ń rí nínú èémí kan ní Cusco kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó ń rí ní Èkó. Bó bá di alẹ́, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, oúnjẹ ò ní wọlé, oorun ò sì ní kùn ún. Soroche ni àwọn ará Peru ń pe àìsàn òkè yìí. Kì í mọ ọ̀dọ́ yàtọ̀ sí àgbà, kì í sì í mọ alágbára yàtọ̀ sí ọ̀lẹ.

Ọgbọ́n tó wà nínú ìrìn-àjò yìí kò ju ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lọ: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdílé tó bá to ọjọ́ rẹ̀ dáadáa, tó mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára olúkúlùkù, tó sì jẹ́ kí ara mọ́ ibi tó rọlẹ̀ díẹ̀ kó tó lọ sí ibi tó ga jù, á gbádùn owó rẹ̀. Èyí tó bá kù gìrì lọ lè lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì.

Àwọn wo ló kọ́ ọ?

Àwọn Inca ni ẹ̀yà tó ti Cusco ṣàkóso ilẹ̀ tó nasẹ̀ láti gúúsù Colombia òde òní títí wọ àárín gbùngbùn Chile. Ọba wọn tó ń jẹ́ Pachacuti ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ní kí wọ́n kọ́ Machu Picchu, ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn ò ní irin, wọn ò ní ẹṣin, wọn ò sì ní kẹ̀kẹ́ tó ń kẹ́rù. Llama, ẹranko kan tó jọ ràkúnmí kékeré tí kò ní iké, ló ń bá wọn ru ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́. Síbẹ̀, wọ́n gbẹ́ òkúta, wọ́n sì fi ọ̀kan ti èkejì láìfi amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì sáàárín wọn. Lára àwọn ògiri tí wọ́n dìídì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹnu ọ̀bẹ ò lè ráyè wọlé.

Wọn ò ní ìwé kíkọ bíi tòde òní. Okùn ni wọ́n máa ń ta ní kókó-kókó láti fi ṣírò èèyàn, ẹran àti àgbàdo, quipu sì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn baba ńlá Yorùbá ṣe ń fi owó ẹyọ àti okùn pàrokò ránṣẹ́ á tètè lóye rẹ̀.

Lọ́dún 1532, àwọn ọmọ ogun Sípéènì dé lábẹ́ Francisco Pizarro. Wọ́n mú Atahualpa, ọba àwọn Inca, wọ́n sì pa á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn náà ni Machu Picchu di ahoro. Lọ́dún 1911, Hiram Bingham, olùkọ́ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, débẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ pé òun ló rí ìlú tó sọnù. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ àdúgbò kan, Melchor Arteaga, ló mú un gòkè, nígbà tó sì débẹ̀, ó bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ tí àwọn Inca ti tò sílẹ̀. Ọmọdé kan láàárín wọn ló mú un yí àwókù náà ká. Ó dáa kí àwọn ọmọ tó bá ń lọ gbọ́ ìtàn yìí nílé kí wọ́n tó wọ bàálù.

Ìwé tó yẹ kó pé lọ́wọ́

Ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà kó tó lè wọ Peru. Ọ̀dọ̀ aṣojú ìjọba Peru ni kí ẹ ti béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe lọ́dọ̀ àjẹ́ńtì tó ń sọ pé òun mọ ẹnì kan níbẹ̀. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbéra l'Ékòó tó ń lọ tààrà sí Lima. Paris, Amsterdam tàbí Madrid ni ọ̀pọ̀ ti máa ń wọ òmíràn, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti máa ń kọsẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà gba físà ìkọjá kódà bí kò bá ní jáde kúrò nínú pápákọ̀, àfi bó bá ní físà tàbí ìwé ìgbélùú mìíràn tó yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó.

Ìwé kejì ni ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì. Ó kéré tán, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ti ní ìwé ẹ̀rí tó máa lò títí ayé. Àwọn kan máa ń ra káàdì náà láìgba abẹ́rẹ́, kí wọ́n ṣáà ti rí nǹkan fi han òṣìṣẹ́ pápákọ̀. Àmọ́ ibà pọ́njú wà nínú igbó Amazon, ẹ̀fọn tó sì ń gbé e kiri kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè káàdì. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án tàbí aláboyún bá wà nínú ìdílé, kí dókítà kọ́kọ́ sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n lọ sínú igbó náà rárá.

Ìwé kẹta ni tíkẹ́ẹ̀tì Machu Picchu fúnra rẹ̀. Ìjọba ti fi gbèdéke sí iye èèyàn tó lè wọlé lójúmọ́, wákàtí àti ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ ra á lóṣù mélòó kan ṣáájú, pàápàá bó bá jẹ́ oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, nígbà tí èrò máa ń pọ̀ jù. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu délẹ̀délẹ̀, torí wọ́n máa ń yẹ méjèèjì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Bùkọ́lá nílé, tó sì jẹ́ Olúbùkọ́lá nínú páásípọ́ọ̀tù, kó má kọ Bùkọ́lá o.

Àwọn tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà àwọn Inca fún ọjọ́ mẹ́rin gbọ́dọ̀ bá iléeṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ lọ. Èèyàn 500 péré ni wọ́n ń jẹ́ kó gbéra lójúmọ́, àwọn tó ń ru ẹrù sì wà lára iye yẹn. Ọ̀nà náà ga dé nǹkan bíi mítà 4,200 níbì kan, wọ́n sì máa ń tì í ní gbogbo oṣù kejì ọdún. Kì í ṣe ọ̀nà tó yẹ fún ọmọ kékeré.

Ẹ bi ẹ̀jẹ̀ yín léèrè

Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń tọ́ àlejò sọ́nà ní Peru máa ń sọ̀rọ̀ nípa orí fífọ́. Ohun kan wà tó kan ìdílé Nàìjíríà ju orí fífọ́ lọ: jínótáìpù.

Tí ọ́síjìn bá ti kéré, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde máa ń tẹ̀ kọ́rọ́dọ́ bíi dòjé. Wọ́n á dí ojú iṣan, ìrora ńlá á sì dé. Ibi tó ga, tó tutù, tí omi ara sì tètè ń gbẹ, ni ibi tó léwu jù fún un, bí Cusco sì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Kódà wíwọ bàálù fún ọ̀pọ̀ wákàtí yẹ kó dé etí dókítà náà.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń lọ sí òkè bẹ́ẹ̀ tí ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti rí àwọn kan tí ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn gidigidi lórí òkè, torí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí AS mu omi dáadáa, kó má sáré, kó má sì gbé ẹrù wúwo ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ìhà òsì bá dùn ún, kó má pè é ní inú kíkún. Kó lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kó sì sọ fún dókítà pé AS lòun, torí kì í ṣe gbogbo dókítà lórí òkè Andes ló máa ń ronú kàn án. Ó dáa kí wọ́n ti kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan lédè Sípáníìṣì kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹni tí kò bá sì tíì ṣàyẹ̀wò rí, tó kàn ń rò pé AA lòun, kó lọ ṣe é. Kò le, kò sì gba àkókò.

Ìdílé tó bá ní ọmọ SS kò ní láti pín sí méjì, kí àwọn kan gòkè, kí ọmọ náà sì jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì ní Lima. Bí dókítà bá ti gbà kó wọ bàálù, ọ̀nà mìíràn wà. Pachacamac wà ní ẹ̀bá Lima lọ́nà gúúsù, nítòsí òkun. Ibi ìjọsìn àtayébáyé ni, àwọn Inca alára sì kọ́ Tẹ́ńpìlì Oòrùn sórí òkìtì gíga kan níbẹ̀. Láti Lima kan náà, ọkọ̀ òfuurufú wà tó ń lọ sí Iquitos, ìlú ńlá kan nínú igbó Amazon tí mọ́tò kankan ò lè dé láti ìta, àfi ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù. Kò sí èyí tó ga nínú méjèèjì. Ọmọ náà á rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Inca, á rí odò Amazon, gbogbo ilé á sì jọ lọ, wọ́n á jọ bọ̀.

Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí ikọ́ fée, àti àwọn aláboyún, gbọ́dọ̀ rí dókítà bákan náà. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ acetazolamide tí dókítà lè kọ fún ẹni tó ń lọ sí ibi gíga. Kì í ṣe gbogbo ara ló gbà á, pàápàá ara ẹni tí àwọn oògùn sulfa máa ń bá jà. Ẹ má ṣe rà á fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì.

Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó gòkè

Ká sọ pé bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ní ọjọ́ méjìlá. Bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń tò ó ni pé wọ́n á lo ọjọ́ mẹ́ta ní Cusco, wọ́n á wá lọ sí Machu Picchu. Ó sàn kí wọ́n yí i padà.

Kí wọ́n fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sinmi ní Lima. Ilé ìjọsìn Santo Domingo wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n sin Martin de Porres sí. Lima ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1579. Ará Sípéènì ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira kúrò lóko ẹrú. Lọ́dún 1962 ni ìjọ Kátólíìkì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, àwọn ọmọ ìjọ náà tó wà ní Nàìjíríà sì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n wọ bàálù lọ sí Cusco, kí wọ́n má sì sùn níbẹ̀. Láti pápákọ̀ ni kí wọ́n ti wọ mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àfonífojì Mímọ́, sí ìlú Urubamba tàbí Ollantaytambo. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni, ibẹ̀ sì fi ohun tó lé ní mítà 500 rẹlẹ̀ ju Cusco lọ. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n jìnnà sí ọtí, kí wọ́n sì tètè sùn. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n lè rọra wo ilé olódi Ollantaytambo, àti ìgboro rẹ̀ tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé lórí ìpìlẹ̀ tí àwọn Inca fi lélẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n á wọ rélùwéè lọ sí Aguas Calientes, ìlú kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ Machu Picchu. Kò sí títì tí mọ́tò ń gbà wọ ìlú yẹn láti Cusco. Lọ́jọ́ kẹfà, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ gòkè. Ìgbà tí wọ́n bá ti rí i tán ni kí wọ́n wá padà sí Cusco. Ní àkókò yẹn, ara á ti mọ́ òkè díẹ̀.

Síbẹ̀, kí ojú wà lára ọmọ. Ọmọ kékeré kì í mọ bó ṣe máa sọ pé orí ń fọ́ òun. Á kàn máa sunkún tàbí kó kọ oúnjẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu mọ́, kò sí tíì tàbí àgbo tó lè gbà á. Kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ètò adójútòfò ìrìn-àjò tí wọ́n bá rà gbọ́dọ̀ sọ ní kedere pé òun bo àìsàn ibi gíga.

Láàárín àwókù náà

Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni òjò máa ń dáwọ́ dúró lórí òkè náà. Oòrùn máa ń mú lọ́sàn-án, òtútù á sì mú gan-an lóru. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, òjò máa ń rọ̀ púpọ̀, ilẹ̀ sì lè ya bo ojú ọ̀nà. Ní oṣù kẹfà, ọjọ́ kẹrìnlélógún, Cusco máa ń ṣe ọdún Oòrùn tí wọ́n ń pè ní Inti Raymi. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì máa ń wọ́n, ó sì máa ń kún.

Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú Machu Picchu. Ẹnu ọ̀nà ló wà, ẹni tó bá sì ti jáde kì í sábà lè padà wọlé. Kí àwọn ọmọ lọ kí wọ́n tó wọlé. Báàgì ńlá, oúnjẹ, dírónù àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ara ẹni kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ̀wù òjò ni kí ẹ mú dání, kì í ṣe agbòòrùn. Àwọn kòkòrò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ń jẹni lẹ́sẹ̀, nítorí náà ṣòkòtò gígùn dára ju péńpé lọ.

Òfin náà le, ó sì nídìí. Lọ́dún 2000, àwọn tó ń ya fíìmù ìpolówó ọtí gbé ẹ̀rọ wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣubú, ó sì ha ètí Intihuatana, òkúta mímọ́ tí àwọn Inca gbẹ́ mọ́ orí òkè. Ohun tí òjò àti ìmìtìtì ilẹ̀ kò rí gbé ṣe fún ohun tó ju 500 ọdún lọ, ọwọ́ èèyàn ṣe é lọ́jọ́ kan.

Ẹ gba afinimọ̀nà tó níwèé àṣẹ, kí ẹ sì ní kó fi ọ̀nà omi hàn yín. Òjò ibẹ̀ pọ̀, òkè náà sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí ìlú má bàa ya lọ, àwọn Inca gé ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ kí omi lè máa jò lọ, wọ́n sì gbẹ́ ojú omi 16 tí omi ìsun ń gbà láti ọ̀kan dé èkejì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìkọ́lé náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí kámẹ́rà kankan ò lè rí. Òun ló gbé èyí tó wà lókè dúró.

Nígbà tí wọ́n bá padà sí Cusco, kí wọ́n lọ wo Sacsayhuamán, níbi tí òkúta kan ṣoṣo ti lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 100 lọ, àti Qorikancha, tẹ́ńpìlì tí wọ́n fi wúrà bo ògiri rẹ̀ nígbà kan. Àwọn ará Sípéènì kó wúrà náà lọ, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé e lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mì lọ́dún 1950, púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà wó, àmọ́ ògiri àwọn Inca dúró digbí.

Nínú igbó kìjikìji

Igbó Amazon gba ju ìlàjì ilẹ̀ Peru lọ. Láti Cusco, bàálù kì í lò tó wákàtí kan dé Puerto Maldonado, níbi tí ooru ti máa pàdé yín bíi ti Warri tàbí Calabar. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi máa ń gbé àlejò lọ sí àwọn ilé àlejò tó wà létí odò Tambopata àti Madre de Dios. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Ó dáa kí igbó kẹ́yìn, torí lẹ́yìn òkè, ibẹ̀ ni èémí ti máa ń padà bọ̀ sípò.

Ní òwúrọ̀ kùtù, àwọn odídẹrẹ́ ńláńlá aláwọ̀ pupa àti búlúù máa ń wọ́ tìrítìrí lọ sí ẹ̀bá odò láti jẹ amọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé iyọ̀ inú amọ̀ náà ni wọ́n ń wá. Ọ̀bọ wà, ọ̀nì wà, jaguar tó jọ àmọ̀tẹ́kùn náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pariwo kò ní rí nǹkan kan. Kí àwọn ọmọ mọ̀ pé igbó kì í ṣe ọgbà ẹranko. Lọ́jọ́ mìíràn, ohun tí èèyàn máa rí kò ju ipa ẹsẹ̀ lọ.

Aṣọ apá gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ ò ṣú, bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì àti oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fi pa ara ṣe pàtàkì. Ẹ gbọn bàtà dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ ti igi láìwò ó, torí èèrà kan wà níbẹ̀ tí oró rẹ̀ ń fi odindi ọjọ́ kan dunni. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbi tí afinimọ̀nà kò bá sọ pé ó dáa. Láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ, atẹ́gùn tútù lè fẹ́ wá láti gúúsù lójijì, nítorí náà ẹ mú súwẹ́tà kan dání.

Ti ibà tún wà níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà lè sọ pé ibà ò jẹ́ tuntun lára òun. Ẹni tó bá ti pẹ́ lókè òkun, tàbí ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, kò ní okun yẹn lára mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ oògùn ìdènà fún wọn.

Ibi tó máa ya ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu jù ni orí tábìlì. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló gbé e dé Áfíríkà, inú igbó yìí sì ni wọ́n ti ń sè é, tí wọ́n ń dín in, tí wọ́n sì ń pọn ọtí nínú rẹ̀ títí dòní. Wọ́n ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí wọ́n ti yan tàbí dín mọ́ ọ̀rá ẹran, tacacho ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń fi ewé pọ́n ìrẹsì àti adìyẹ, wọ́n á sè é bíi mọ́ínmọ́ín eléwé, juane ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó kọ oúnjẹ ní Cusco lè béèrè fún àfikún níbí.

Àwọn tó ń wa wúrà láìgba àṣẹ ti ba apá ńlá jẹ́ nínú igbó agbègbè Madre de Dios, májèlé mẹ́kúrì tí wọ́n sì ń lò ti wọ inú odò. Ilé àlejò tó bá gba àwọn ọmọ ìbílẹ̀ síṣẹ́ ń fún wọn ní ìdí láti jẹ́ kí igi dúró. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì wọ abúlé wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀

Lórí òkè, wọ́n lè gbé tíì ewé coca fún yín kí orí tó ń fọ́ lè rọlẹ̀. Ó bófin mu ní Peru, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹ ewé náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ewé yẹn kan náà ni wọ́n ń fi ṣe kokéènì. Ẹni tí wọ́n máa ń yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò níbi iṣẹ́, kó má mu ún, torí ó lè hàn. Ẹ má sì fi ewé náà, tíì rẹ̀ tàbí súìtì rẹ̀ sínú ẹrù bọ̀, bó ti wù kó kéré tó. Òfin kà á sí oògùn olóró ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Nàìjíríà, àlàyé pé ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀ ni ẹ ti rà á kò sì ní gbà yín lọ́wọ́ àjọ NDLEA. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú yín. Páálí kékeré kan lè sọ ìsinmi ìdílé di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ.

Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá dé, ẹ sọ fún dókítà pé ó ti wọ igbó Amazon. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí gbogbo ẹni tó jọ gbéra jọ padà wọlé pẹ̀lú àlàáfíà, kí wọ́n sì jọ jókòó wo fọ́tò tí wọ́n yà.